Ráútà méjì nínú ilé kan: ti ìsàlẹ̀ kò rí kọ̀ǹpútà tó wà lókè

ÒkèÀtiÌsàlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ráútà méjì ló wà nínú ilé yìí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá wà nísàlẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.1.1. Èkejì wà lókè, òun ni 192.168.0.1. Wáyà Cat5e tó gùn tó mítà 18 ló so wọ́n pọ̀: ó jáde níhò LAN (ti inú ilé) lára ti ìsàlẹ̀, ó wọ ihò WAN (ti ìta) lára ti òkè. Íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere níbi méjèèjì.

Àwọn tó wà lórí wọn nìyí:

Kọ̀ǹpútà A, ìsàlẹ̀, Windows 10, 192.168.1.20
Kọ̀ǹpútà B, òkè, Windows 11, 192.168.0.101
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìsàlẹ̀, orí WiFi, 192.168.1.30

Tí B bá ping A (kó pè é wò bóyá ó wà), A ń dáhùn. Tí A bá ping B, "Request timed out" nìkan ló ń kọ. Bí mo bá ṣí Network lórí B, kò sí A níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ \\192.168.1.20, fódà A á ṣí wàrà! Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú. Tí wọn ò bá ríra, báwo ló ṣe ṣí?

Mo kà á níbì kan pé kí n sọ mask (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ) di 255.255.0.0 lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Kàkà kó sàn, B gan-an kò rí A mọ́, ni mo bá dá a padà. Ṣé ráútà òkè ló bàjẹ́ ni, àbí Windows ló ń ṣe tirẹ̀? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni kí A lè ṣí fódà tó wà lórí B, kí B náà sì máa tẹ̀wé láìjà.

WáyàMẹ́jọ

Ráútà yín kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán an ló ń jẹ́. Ihò WAN ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìta. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wá, tí kì í ṣe pé ará inú ilé ló kọ́kọ́ pè é, kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ wá wò ó: lójú ráútà òkè, gbogbo ìsàlẹ̀ ilé yín ni ìta.

Nígbà tí B bá pe A, ráútà òkè á nu 192.168.0.101 kúrò lára ìsọfúnni náà, á kọ àdírẹ́sì WAN tirẹ̀ síbẹ̀, ká ní 192.168.1.105. A á rò pé aládùúgbò òun kan tó ń jẹ́ 105 ló ń pe òun, á sì dá a lóhùn. Ráútà òkè ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé B ló béèrè, á gbé èsì fún un. NAT nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí fódà fi ṣí nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà.

Nígbà tí A bá pe 192.168.0.101 ńkọ́? A á wo àdírẹ́sì yẹn, á rí i pé kì í ṣe ti agboolé òun (àwọn tí àdírẹ́sì wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1), á gbé e fún 192.168.1.1. Ìyẹn náà kò mọ agboolé kankan tó ń jẹ́ 192.168.0, á jù ú sọ́nà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ìpè yẹn kò tiẹ̀ dé òkè rárá! Ẹ tẹ èyí lórí A, ẹ ó rí i pé 192.168.1.1 ni ìlà àkọ́kọ́, pé kò yà sókè:

tracert -d 192.168.0.101

Pé orúkọ A kò hàn nínú Network, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń kéde ara wọn, wọ́n ń pariwo "èmi rèé o" sí gbogbo agboolé. Ráútà kì í gbé irú ariwo bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ti mask tí ẹ yí padà: ẹ ti parọ́ fún B pé A wà ní àgbàlá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. B bá dákẹ́ kò gbé ìpè fún ráútà mọ́, ó ń fúnra rẹ̀ pariwo pé "ta ló ń jẹ́ 192.168.1.20?" lórí wáyà òkè, níbi tí A kò sí. Mask kì í wó ògiri, ó kàn ń sọ ibi tí ògiri wà ni.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ gba iṣẹ́ ráútà lọ́wọ́ ti òkè, kó kù sí switch (àpótí tó kàn ń so wáyà pọ̀) tó ní WiFi. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá "Access Point" tàbí "AP mode" wà nínú ètò rẹ̀. Tó bá wà, ẹ yan ìyẹn, ẹ fi wáyà sílẹ̀ níhò WAN tó wà, ó parí. Tí kò bá sí, ọwọ́ la máa fi ṣe é, ẹ má sì yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí padà:

1. Ẹ wọ ráútà ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ibi tí DHCP rẹ̀ ń pín àdírẹ́sì dé. Ká ní láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.199. Ẹ mú àdírẹ́sì kan tó wà lẹ́yìn òde ìyẹn, tí ẹnì kankan ò lò: 192.168.1.2.

2. Ẹ yọ wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá kúrò lára ráútà òkè, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Tí ẹ kò bá yọ ọ́, WAN rẹ̀ ṣì di 192.168.1.105 mú, ọ̀pọ̀ ráútà ni kò sì ní gbà kí LAN àti WAN wà ní agboolé kan náà. Á kọ̀ fún yín, tàbí kó fúnra rẹ̀ yí nọ́ńbà padà láìsọ fún yín.

3. Ẹ fi wáyà so B mọ́ ihò LAN ráútà òkè. Ẹ má fi WiFi ṣe é. Ẹ ṣètò orúkọ WiFi àti páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ nísinsìnyí tí ó ṣì rọrùn láti wọlé.

4. Ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ sí 192.168.1.2, mask 255.255.255.0, kí ẹ fi pamọ́. Ojú ìwé yẹn á dúró gbagidi bí ẹni pé ó ti kú. Kò kú o, àdírẹ́sì ló yí padà. Ẹ yọ wáyà B, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ wá ṣí http://192.168.1.2.

5. Ẹ pa DHCP rẹ̀. Òun la fi sẹ́yìn nítorí pé bí ẹ bá ti pa á, kò sẹ́ni tó máa fún B ní àdírẹ́sì mọ́, 169.254 kan ló máa fún ara rẹ̀, ẹ ò sì ní lè padà wọlé. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ kọ 192.168.1.50 àti mask 255.255.255.0 fún B, ẹ ó wọlé.

6. Ẹ wá ki wáyà ìsàlẹ̀ bọ ihò LAN ráútà òkè. WAN á ṣófo, kò ní iṣẹ́ kankan mọ́.

Lẹ́yìn náà, lórí B (tí ẹ bá fọwọ́ kọ àdírẹ́sì fún un tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà sí èyí tó ń gbà fúnra rẹ̀):

ipconfig /release
ipconfig /renew

Àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, Default Gateway (ẹni tó ń gbé ìpè rẹ̀ jáde síta) sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 192.168.1.1. Tó bá jẹ́ 192.168.1.2 ni gateway, DHCP òkè ṣì ń ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ní DHCP méjì, bí i pé ẹni méjì ń pín oúnjẹ nídìí ìkòkò kan ni: lónìí kọ̀ǹpútà yìí á rí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́la kò ní rí i, ẹ ó sì máa fi orí gbá ògiri.

InáTóŃṢẹ́jú

Ọ̀gá WáyàMẹ́jọ ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ díẹ̀ sí i.

Wáyà KAN ṣoṣo láàárín ráútà méjèèjì. Ẹlòmíràn á rò pé tí wáyà bá di méjì, eré á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Ariwo tó bá gba ọ̀kan lọ á gba èkejì padà, á máa yí po láìdáwọ́ dúró, gbogbo iná ihò LAN á máa ṣẹ́jú kíákíá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó máa rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ̀kan, á rọlẹ̀.

Ti WiFi: orúkọ kan náà, páásìwọ́ọ̀dù kan náà, irú ààbò kan náà (WPA2 lórí méjèèjì, fún àpẹẹrẹ), kí fóònù lè ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè láìbéèrè nǹkan kan. Àmọ́ kí channel (ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí WiFi ń gbà) yàtọ̀. Lórí 2.4 GHz, ẹ yan nínú 1, 6 àti 11 nìkan. Ẹni tó bá yan 3 fún ọ̀kan, tó yan 5 fún èkejì, ó kàn mú kí méjèèjì máa da ara wọn láàmú ni.

Wáyà yín náà: mítà 18 kò pọ̀ rárá, 100 ni òpin Cat5e. Ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ pé 100 Mbps nígbà tí ihò méjèèjì lè gbé 1000, ẹ yẹ orí wáyà wò. Fọ́nrán mẹ́rin nìkan ni 100 ń lò, 1000 ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí ẹyọ kan nínú fọ́nrán búlúù tàbí búráùn bá já tàbí tí kò wọlé dáadáa, á fi ojú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, yóò kàn máa falẹ̀ ni.

ÒkèÀtiÌsàlẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Kò sí "AP mode" nínú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ la fi ṣe é. B ti di 192.168.1.112, gateway 192.168.1.1. A ti hàn nínú Network, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti hàn, ó ti tẹ̀ ojú ìwé kan.

Ó ku ibì kan. A kò tíì lè ping B, \\192.168.1.112 kò sì ṣí. "Request timed out" kan náà. Ṣé ògiri mìíràn tún wà níbẹ̀ ni?

Ìbéèrè kejì: tí mo bá fẹ́ kí òkè dá dúró lọ́jọ́ mìíràn nítorí kámẹ́rà àti WiFi àwọn àlejò, ṣùgbọ́n tí A àti B ṣì gbọ́dọ̀ ríra, ṣé ó ṣeé ṣe?

IhòMárùn-ún

Ògiri mìíràn wà lóòótọ́, orí B ló wà. Gateway B ti yí padà, Windows kà á sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ó sì fi í sí Public. Lórí Public, kì í dáhùn ping, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí fódà rẹ̀. Ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó lórí B:

Get-NetConnectionProfile

Ẹ wo ìlà NetworkCategory. Tó bá jẹ́ Public, ẹ mú orúkọ tó wà níwájú InterfaceAlias, kí ẹ fi sínú èyí:

Set-NetConnectionProfile -InterfaceAlias "Ethernet" -NetworkCategory Private

Lẹ́yìn náà, nínú Advanced sharing settings, ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing fún Private. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ping nìkan. Ping lè kọ̀ kí fódà sì ṣí, ó sì lè dáhùn kí fódà máà ṣí. Ihò 445 (nọ́ńbà port ni, kì í ṣe ihò wáyà) ni fódà Windows ń gbà. Lórí A:

Test-NetConnection 192.168.1.112 -Port 445

Tí TcpTestSucceeded bá jẹ́ True, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ṣe tirẹ̀ tán, ohunkóhun tó bá kù, ọ̀rọ̀ orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù ni. Ibẹ̀ ló sì ti máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. PIN nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ń ṣí B kò wúlò láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Páásìwọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn gan-an ló ń béèrè. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ dá oníṣe tuntun kan sílẹ̀ lórí B, ká ní "fodaile", pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù, kí A sì wọlé pẹ̀lú B\fodaile (ẹ fi orúkọ kọ̀ǹpútà náà gan-an rọ́pò B). Àṣẹ ibi méjì ló gbọ́dọ̀ wà fún un: lábẹ́ Sharing àti lábẹ́ Security ti fódà náà. Èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni Windows máa ń tẹ̀ lé.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ tan SMB1 (ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fódà) padà, tàbí kí ẹ ṣí i sílẹ̀ fún àlejò láìsí páásìwọ́ọ̀dù. Láti 2017 ni Windows 10 tuntun kì í ti í gbé apá SMB1 tó ń pín fódà fún ẹlòmíràn wá mọ́, Windows 11 Pro 24H2 sì ti ti ilẹ̀kùn àlejò pa.

Ó di ìbéèrè kejì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ ó dá ráútà òkè padà sí bó ṣe wà, wáyà níhò WAN, LAN rẹ̀ 192.168.0.1, DHCP rẹ̀ á tún máa ṣiṣẹ́. Ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì WAN rẹ̀: 192.168.1.2, gateway 192.168.1.1, kó má bàa yí padà lọ́jọ́ kan. Ẹ pa NAT rẹ̀, kí ẹ sì gbà kí firewall rẹ̀ (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà) jẹ́ kí 192.168.1.0 wọlé. Kí ẹ wá sọ fún ráútà ìsàlẹ̀ ní ibi Static Route (ọ̀nà tí a fọwọ́ kọ fún un) pé:

Destination 192.168.0.0, mask 255.255.255.0, gateway 192.168.1.2

Lórí ìwé, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń bàjẹ́.

Òkè lè pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì lójijì. Àwọn ráútà kan wà tí agboolé tiwọn nìkan ni wọ́n ń ṣe NAT fún, 192.168.0 á dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò ní dá a mọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá NAT òkè padà, ọ̀nà yìí kò gbà.

Ping lè lọ kí fódà máà ṣí. A gbé ìpè fún 192.168.1.1, ìyẹn dá a padà sọ́dọ̀ 192.168.1.2, ó dé B. Èsì B kò gba ọ̀nà yẹn bọ̀: láti 192.168.1.2 ló ti bọ́ sọ́dọ̀ A tààrà, nítorí pé àgbàlá kan náà ni wọ́n wà. Ráútà ìsàlẹ̀ gbọ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjíròrò ẹni méjì, firewall rẹ̀ á fura, á gé e. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ̀nà náà sórí A fúnra rẹ̀, nínú Command Prompt alábòójútó:

route -p add 192.168.0.0 mask 255.255.255.0 192.168.1.2

Nísinsìnyí A á lọ bá 192.168.1.2 tààrà. Àmì -p ni kò ní jẹ́ kó parẹ́ tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà. Tí ráútà ìsàlẹ̀ kò bá ní Static Route rárá, ìyẹn kò ní dá A dúró. Ṣùgbọ́n bí NAT òkè bá ti kú láìsí ọ̀nà yẹn nísàlẹ̀, òkè kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé: nígbà tí NAT ti kú, A á dé ọ̀dọ̀ B pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an, 192.168.1.20. Firewall Windows lórí Private, "Local subnet" nìkan ló ń gbà fún fódà. Lórí B, ẹ ṣí wf.msc, ẹ wá ìlà File and Printer Sharing (SMB-In) ti Private, Properties, Scope, kí ẹ fi 192.168.1.0/24 kún Remote IP address. Lórí A, ẹ fi 192.168.0.0/24 kún un.

Tí ráútà òkè kò bá gbà kí ẹ pa NAT, ó ku port forwarding, kí ráútà òkè máa darí ẹni tó bá kan ihò 445 rẹ̀ sí 192.168.0.101. Nígbà náà, \\192.168.1.2 ni A máa tẹ̀, kì í ṣe àdírẹ́sì B, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì máa jàǹfààní nínú rẹ̀. Scope yẹn ṣì kàn yín. Orí ráútà òkè nìkan o! Ẹ má ṣe ṣí 445 lórí ti ìsàlẹ̀ láé, ìyẹn ni pé gbogbo ayé ni ẹ ṣí fódà yín sí.

WáyàMẹ́jọ

Gbogbo ohun tí IhòMárùn-ún sọ ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ ṣe é nítorí àlejò. Ẹ padà wo ohun tí ẹ fojú ara yín rí: B tó wà lẹ́yìn ráútà kejì ń rí A, A kò rí B. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí iwájú. Tí ẹ bá kó àlejò àti kámẹ́rà sókè, ẹ ti fi wọ́n síbi tí wọ́n ti lè dé gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ò sì ní rí wọn. Òdì-kejì gan-an ni ẹni tó ń lo ráútà méjì fún ààbò gbọ́dọ̀ ṣe: àlejò níwájú, àwọn nǹkan tirẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi òkè sílẹ̀ bó ṣe wà báyìí. Guest Network ti ráútà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tàn fún àlejò àti kámẹ́rà. Ẹ má tan Guest ti òkè: ọ̀pọ̀ ráútà tó ti di switch bẹ́ẹ̀ kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, inú agboolé yín ló máa já sí. Kí ẹ sì rí i pé "AP Isolation" kò ṣí lórí WiFi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Àmì rẹ̀ ni pé fóònù tó wà lórí WiFi kan náà máa rí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

ÒkèÀtiÌsàlẹ̀

Public ló wà lóòótọ́! Mo yí i sí Private, TcpTestSucceeded di True. Ó béèrè orúkọ, mo tẹ PIN, ó kọ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ yín, mo dá oníṣe tuntun sílẹ̀. Fódà B ti ṣí lórí A. Guest ti ìsàlẹ̀ ni mo máa lò, n kò ní da ara mi láàmú pẹ̀lú static route.

Ṣé 192.168.1.112 tí B ní yìí kò ní yí padà lọ́la?

InáTóŃṢẹ́jú

Ó lè yí padà. Ẹ wọ ráútà ìsàlẹ̀, ibi DHCP Reservation tàbí Address Reservation, ẹ fi MAC B (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ihò wáyà tàbí WiFi rẹ̀) so mọ́ 192.168.1.112. Tí B bá ń lo wáyà lónìí tó sì ń lo WiFi lọ́la, MAC méjì ló ní, ẹ kọ méjèèjì, kí àdírẹ́sì wọn sì yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, bákan náà.